Àbúrò Bàbá Mi Tó Ń Pọ́n Irin Lórí Ọlọ

Owó tí wọ́n ń gbà ní Kábà lónìí lórí irin kan ṣoṣo tí káfíńtà fi ń fẹ ẹnu ihò, kí orí ìṣó lè rì sínú pákó, ì bá ra gbogbo irinṣẹ́ àbúrò bàbá mi tó jẹ́ káfíńtà nígbà èwe mi, kí ó sì ra àbúrò bàbá mi fúnra wọn mọ́ ọn. Orí ọlọ ata ìyá wọn ni wọ́n ti ń pọ́n tiwọn. Wọn a tutọ́ sí i, wọn a fi èékánná dán an wò.

"Okun o, alágbẹ̀dẹ! Ṣé irin la ó jẹ lọ́bẹ̀ ni?" ni ìyá wọn máa ń fi igbe kí wọn.

"Ìyá, ó ń mú eyín le."

Orí ìṣó tó yọ síta lára àga tí ọkùnrin mìíràn kàn fún bàbá ọmọbìnrin tí àbúrò bàbá mi fẹ́ fẹ́ ti fa ṣòkòtò bàbá náà ya. Bí àga tiwọn bá tún ya á, kò sí ìyàwó. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi pọ́n irin.

Nígbà tí àga parí, bàbá náà jókòó sórí rẹ̀, wọ́n yí ìdí sọ́tùn-ún sósì, wọ́n dìde, wọ́n ní kí n yẹ ìdí ṣòkòtò àwọn wò.

"Kò ya, Bàbá."

"Ẹ máa mú ọmọ mi lọ," ni wọ́n sọ fún àbúrò bàbá mi.

Gbogbo wọn ti kú, àfi èmi àti ìyàwó náà. Ìyàwó náà, tó ti di ìyá arúgbó, ní bí àga náà tilẹ̀ bọ́ bàbá òun sí ìhòhò, òun ì bá tẹ̀ lé àbúrò bàbá mi lọ.