Tọkọtaya Tó Ń Tẹ̀lé Abọ́ Rìnrìn Àjò

Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi má gé ẹran mọ́. Láti orí títí dé ìrù, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá bá mi nílé, ṣùgbọ́n kó má mú ọwọ́ òfìfo wá.

Obìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Atọ́wò. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ló ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ níbẹ̀, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń ká a, títí òkìtì aṣọ funfun á fi ga jù ú lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ló fún un lórúkọ, ahọ́n ni. Fi ṣíbí ọbẹ̀ kan kàn án lẹ́nu, á dijú, á ní, “Ẹni tó se èyí pẹ́ kó tó da àlùbọ́sà sí i, ó sì ń ro ó nígbà tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn án.” Wọ́n ní ó tọ́ tíì wò nílé aládùúgbò rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ẹni tó po tíì yìí ń bá ọkọ rẹ̀ jà. Wọ́n wádìí, òótọ́ ni. Láti àná ni wọn ò ti kí ara wọn.

Ọkọ rẹ̀, aránbàtà ni. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ju abẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan lọ, òórùn awọ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ẹnu tirẹ̀ dà bí àpò: ohun tó bá ti wọ̀ ọ́ ti wọ̀ ọ́. Fi bọ́tà pa òkúta, kí o gbé e fún un, á jẹ ẹ́, á ní, “Ó dùn.” Gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n sọ nípa oúnjẹ náà nìyẹn.

Nígbà tí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo gba owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, ó mú àwọn méjèèjì lọ jẹun ní ilé oúnjẹ ńlá kan ní òkèèrè, irú èyí tí èèyàn ti ń gbọ́ òkìkí rẹ̀ kó tó gbọ́ òkìkí ìlú tó wà. Ìyá Atọ́wò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin gun orí afárá odò, nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, ló tó la ẹnu. Ó wá ń rò ó láti orí búrẹ́dì títí dé orí èso tí wọ́n fi pa á dé: ohun tó kọ́kọ́ kan ahọ́n, ohun tó tẹ̀lé e, ohun tó fara pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó gbé itọ́ mì.

“Ìyá ọmọ mi,” ó ní, “ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jẹ oúnjẹ yẹn lónìí.”

Bó ṣe di àṣà wọn nìyẹn. Àwọn ẹlòmíràn a máa mú ìlú kí wọ́n tó wá oúnjẹ ibẹ̀. Àwọn méjì yìí, abọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú. Wọ́n á gbọ́ nípa alásè kan tó mọ ẹja í sè ju ìyá tó bí ẹja lọ, wọ́n á pè, wọ́n á gba tábìlì sílẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó wá ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ àti òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n á sùn sí. Òtẹ́ẹ̀lì náà kò gbọdọ̀ jìnnà, nítorí ẹni tó yó kì í rìn jìnnà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọn kì í fi nǹkan kan kan ẹnu. Wọ́n ti lọ sí ìlú kan létí òkun rí, wọn ò rí òkun. Ọ̀sán ni tábìlì wọn, ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n dé, tí àwọn ará ilé ń bi wọ́n pé òkun ńkọ́, Ìyá Atọ́wò ní, “Mo pàdé ẹja rẹ̀. Ó ní kí n kí yín.”

Àwòrán ilẹ̀ ńlá kan wà lára ògiri ìsọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti jẹun, aránbàtà á gbá ìṣó bàtà kékeré kan mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n ṣì ń lọ, ṣọ́ọ̀kì ló fi ń yí i ká.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ilé oúnjẹ kan tó jẹ́ pé ọbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sè níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì yí ká. Ó ju ọdún kan lọ tí wọ́n ti ń retí tábìlì níbẹ̀. Ni ọ̀fìnkìn kan bá mú Ìyá Atọ́wò. Kì í ṣe àìsàn tí a ń torí rẹ̀ pe ẹbí jọ. Ó sín, ó wúkọ́, ó lo oògùn, ara rẹ̀ yá. Àfi bó ṣe di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó ń mu tíì, tó dà bíi pé omi gbígbóná lásán ló ń mu. Ó fi ṣúgà sí i. Omi gbígbóná ni. Ó dìde lọ sídìí àdògán, ó da iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Yanrìn ni. Ọ̀fìnkìn ti lọ, ó sì ti di adùn ẹnu rẹ̀ lẹ́rù lọ.

Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà, kó ṣe sùúrù. Ọmọbìnrin rẹ̀ nìkan ni Ìyá Atọ́wò sọ fún, lórí fóònù.

“Màámi, ẹ sọ fún Bàbá.”

“Kí n sọ pé kí ni? Pé ahọ́n mi ti fẹ̀yìn tì, tó fi èmi olówó rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́?”

“Wọn ò ní bínú.”

“Mo mọ̀ pé wọn ò ní bínú. Wọ́n á nu ṣọ́ọ̀kì yẹn kúrò lára ògiri ni. Wọ́n á ní kò sí ibi tí àwọn tún ń lọ. Ṣé o ti rí bí wọ́n ṣe máa ń wo ògiri yẹn?”

“Tẹ́ ẹ bá wá dórí afárá ńkọ́, Màámi?”

Ibẹ̀ gan-an ló ń kọ Ìyá Atọ́wò lóminú. Ọkọ rẹ̀ kò ní ahọ́n mìíràn ju tirẹ̀ lọ. Bí òun bá dákẹ́ lórí afárá, kí ló tún kù tí arúgbó méjì ń wá lọ sí ìlú onílùú?

Ó bá di pé ó ń ṣe bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. Bó bá ti ki ṣíbí bọ ẹnu, á dijú, á mi orí.

Ní Sátidé, ọkọ ló máa ń dín ẹyin, kí ìyàwó lè sinmi. Kò sí Sátidé kan tí Ìyá Atọ́wò kì í bá ẹyin yẹn jà: bí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ jù, òróró rẹ̀ kò gbóná tó. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó jẹ tirẹ̀ tán, ó nu ẹnu, ó ní, “Ó dùn gan-an. Ẹ ṣeun.” Aránbàtà wò ó. Ó wo abọ́. Ó kó abọ́ méjèèjì, ó lọ fọ̀ wọ́n, ó sì pẹ́ nídìí omi.

Kò ju bí ọjọ́ mélòó kan lọ, ó wọlé láti ìsọ̀. “Àwọn ọlọ́bẹ̀ yẹn pè,” ó ní. “Wọ́n ní tábìlì wa ti bọ́.”

“Ó bọ́ báwo? Lẹ́yìn ọdún kan? Ṣé wọ́n ti fi tábìlì dáná ni?”

“Mo ti rí ilé oúnjẹ mìíràn tí wọ́n ti ń se ẹja. Ọjọ́ náà kò yẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kan náà ló ń lọ síbẹ̀.”

Ó kùn, ó sì kùn dáadáa, nítorí bó bá dákẹ́ ọkọ rẹ̀ á fura. Ṣùgbọ́n nínú ikùn lọ́hùn-ún, ó ń dúpẹ́. Ó rọrùn láti purọ́ mọ́ ẹja ju kí èèyàn purọ́ mọ́ ọbẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, aránbàtà wọ bàtà tuntun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Bàtà náà ń dún. Kì í ṣe dídún kékeré, ó ń ké bí ọmọ eku tí ilẹ̀kùn há mọ́. Ó ké nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ké lórí àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n ṣe wọ ilé oúnjẹ náà, gbogbo orí ló yí. Ọkùnrin kan tilẹ̀ wo abẹ́ tábìlì rẹ̀.

“Ẹ bọ́ ọ,” ni ìyàwó rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Kí n wá fi ìbọ̀sẹ̀ tó lu jẹun níwájú àwọn ẹni ẹlẹ́ni?”

Ebi ti mú wọn kí wọ́n tó jókòó. Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ dé. Bí Ìyá Atọ́wò ṣe fọwọ́ bù ú, èèpo rẹ̀ fọ́ bí ewé gbígbẹ, inú rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Wọ́n gbé omi kùkúḿbà wá nínú ife tó tutù débi tó ń ta ìka, wọ́n sì gbé ẹ̀pà lé òkúta gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ta pàrà, pàrà. Ẹja tẹ̀lé e, awọ rẹ̀ ń ké lábẹ́ eyín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu rẹ̀ kò ya òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ọkọ rẹ̀ tó máa ń béèrè ní gbogbo ìgbà pé, “Kí ló wà níbẹ̀?”, kò béèrè nǹkan kan lónìí. Kí ó má bàa dà bíi pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ó gbé ife kùkúḿbà, ó mu ún, ó dijú.

“Atalẹ̀ wà níbí,” ó ní.

Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wọn ń kó abọ́ lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Màmá, kò sí atalẹ̀ níbẹ̀ o. Kùkúḿbà ni àti ọsàn wẹ́wẹ́.”

“Atalẹ̀ wà níbẹ̀,” ni aránbàtà sọ.

“Bàbá, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe gé e.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bi wọ́n dáadáa. Bí ìyàwó mi bá ní ó wà níbẹ̀, bóyá ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé.”

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó ní òun á bi wọ́n, ó gbé ife lọ.

Ìyá Atọ́wò gbé ṣíbí sílẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa ń bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ tíì kúrò lójú ọ̀nà.

“Kò sí atalẹ̀ níbẹ̀,” ó ní. “N ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. N ò mọ adùn nǹkan kan mọ́, Bàbá. Láti ìgbà ọ̀fìnkìn yẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀ báwo? Ṣé ọmọ yẹn ló...”

“Ẹyin ni. N ò fi iyọ̀ sí ẹyin ọjọ́ Sátidé yẹn, mo gbàgbé. Mo ń dúró kí o bú mi, o wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí.”

Ìyá Atọ́wò kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún, ó bá fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu.

Aránbàtà ń fi ìka tọ etí tábìlì. “Àwọn ọlọ́bẹ̀ kò pè wá. Èmi ni mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Mo wá ń pe ibòmíràn káàkiri. Mo ń bi wọ́n pé, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ gba ìsinmi, kí ló lè rí jẹ lọ́dọ̀ yín? Àwọn kan já fóònù mọ́ mi létí. Alásè ibí ni kò já a. Ó ní kí ni ìyàwó mi fẹ́ràn? Mo ní ó fẹ́ràn aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, tó gbóná, tó gan, tó ń dún bó bá ń ká a.”

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí abọ́ ìkẹyìn fi dé. Ìyẹ̀fun ni wọ́n nà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n yan, tí wọ́n sì ká ní ìlọ́po ìlọ́po, etí kan etí, igun kan igun, bí Ìyá Atọ́wò gan-an ṣe ń ká aṣọ ibùsùn láràárọ̀. Ooru ń jáde lára rẹ̀. Ìyá Atọ́wò fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó dún. Ó gbé e bọ ẹnu, ó rọra jẹ ẹ́, kò dijú.

“Ẹni tó ká èyí,” ó ní, “kò mọ igun òsì í ká.”

Aránbàtà rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìbáwí yẹn ló ti ń wá láti ọjọ́ Sátidé yẹn.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gun orí afárá lọ́jọ́ kejì, Ìyá Atọ́wò kọjú sí fèrèsé, ó ń wo odò. Aránbàtà hú ikọ́.

“Ẹja yẹn,” ó ní, “ó rí bí... bí awọ tí a fi òróró pa, tó wá rọ̀ lọ́wọ́, tó o wá mọ̀ pé bàtà yìí á bá ẹni dalẹ́.”

“Ṣé bàtà ni mo jẹ?”

“Ní sùúrù, n ò tíì débẹ̀. Omi kùkúḿbà yẹn, ó dà bí ìgbà tó o ti ọ̀nà jíjìn dé, tí ẹnì kan tú okùn bàtà fún ọ kí o tó sọ pé ó rẹ̀ ọ́.”

Ó dijú, ó fi orí ti èjìká ọkọ rẹ̀. Odò ti kọjá tipẹ́, ọkùnrin tí kò mọ̀ ju “ó dùn” lọ ṣì ń wá ọ̀rọ̀, ó ń ṣì í, ó ń tún un mú, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó dórí abọ́ ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀.

“Èyí tí wọ́n ká yẹn ńkọ́?” ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

“Ó dùn.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá,” ó ní. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jẹ ẹ́.”

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n yà sí ìsọ̀, aránbàtà gbá ìṣó mọ́ àwòrán ilẹ̀. Ìyá Atọ́wò ló mú ṣọ́ọ̀kì, ó tún yí ilé ọlọ́bẹ̀ yẹn ká. “Ẹ pè wọ́n,” ó ní. “Bí ahọ́n mi bá ti ìsinmi dé kí àyè tó yọ, ó dáa. Bí kò bá dé, ẹ yáa lọ kọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàtà.”

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àfi ohun kékeré kan, nítorí mo ṣì fẹ́ máa fi eyín mi jẹ ẹran: bàtà yẹn kò dún. Bàtà tí ọkùnrin yẹn bá rán kì í dún. Jẹ́jẹ́ ló wọ ilé oúnjẹ náà, kò sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló lu lóòótọ́.