Oríkì Tí Mo Fi Wọn Èémí Ìyá Gbóyèga

Ẹnu mi yìí ló kó ìyá náà sí wàhálà. Kí n tó ròyìn bí a ṣe tọ́jú àyà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìyẹn ná, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Minna ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀, gbogbo nǹkan ló jẹ́ tuntun: òǹtẹ̀ tuntun, tábìlì tuntun, aṣọ funfun ọrùn mi náà tuntun. Mo wá ń yan kiri ilé ìwòsàn bí ẹni pé tèmi ni wọ́n ṣe dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá kan wọlé, ó ń wúkọ́. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Mo kàn nawọ́ sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, mo gbóhùn sókè, mo ní, "Màmá, ọ̀hún ni àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ ń jókòó sí o." Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láti Sabon Gari sì pọ̀ níjòkòó lọ́jọ́ náà.

Ìyá Gbóyèga ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tó ti tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ dé Minna ló ti ń ṣe kúlíkúlí, tó ń kó o lọ sí ọjà Kure. Àti yíyan ẹ̀pà, àti dídín rẹ̀, orí iná igi ni. A yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta, a kò rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ níbẹ̀. Àmọ́ ẹyin lohùn. Kí èsì tó jáde, ọ̀rọ̀ mi ti dé àdúgbò Sauka Kahuta, níbi tí Gbóyèga, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń gbé. Ìyàwó Gbóyèga sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọbìnrin. Ó ní kí ìyá ọkọ òun má bínú, òun ò lè gbé ọmọ ọwọ́ fún oníkọ́ ẹ̀gbẹ. Ojú fèrèsé ni ìyá ti rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìta níbẹ̀ ló dúró sí tó fi sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, tó sì yí padà sílé.

Nígbà tí mo gbọ́, ojú tì mí gan-an. Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi, dìde," ó ní. "Bí kì í bá ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí ni? Ìyàwó wa ní kí n sọ orúkọ àìsàn náà fún òun, kí òun tó gbọ́mọ fún mi."

Kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ nínú wa.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni wọ́n gbé e wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ètè rẹ̀ ti dúdú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu sóbò. Ará India ni dókítà wa, onísùúrù èèyàn, Hausa tó kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Láràárọ̀ ni yóò béèrè bí ara ṣe rí, pé, "Mama, yaya jiki?" Ìyá á ní, "Da sauƙi, likita." Ìyẹn ni pé ara ti ń fúyẹ́. Àwa tí a gbé ilẹ̀ Hausa mọ̀ pé èsì ìkíni lásán ni. Ẹni tó ń kú lọ gan-an, da sauƙi náà ni yóò sọ. Bí mo bá sì fi Yorùbá bi í, "A dúpẹ́, ara ti ń mókun" ni. Dókítà á kọ ọ́ sínú ìwé pé ara ń yá, ẹsẹ̀ á sì máa wú sí i.

Lọ́jọ́ kan mo ń tún ibùsùn rẹ̀ ṣe, mo gbóòórùn èéfín lára ìró rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni.

"Màmá, níbo lẹ ti ń dín kúlíkúlí yín?"

"Inú yàrá ìdáná ni. Mo máa ń ti fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ má baà da iná mi rú."

"Láti ìgbà wo?"

"Gbóyèga ò tíì hu eyín."

Gbóyèga yìí sì ti ń pá lórí.

Bí mo ṣe ń ká aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ tí kò tíì gbé rí. "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ..." Èémí tán. Èyí tó fà sínú, kíákíá ló wọlé. Àtijáde rẹ̀ ló di iṣẹ́, àyà rẹ̀ ń súfèé. "Ọmọ a-wọlé-kílé-ó-dùn..." Èémí tún tán. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Ìwà ọmọlúàbí lè mú kéèyàn sọ pé ara le, àmọ́ oríkì ò mọ ìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mo ń ní kí ó ki Àbẹ̀kẹ́, mo sì ń fa ìlà sínú ìwé fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí èémí rẹ̀ bá gbé. Gbólóhùn kan ní èémí kan ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ìdajì ní ọjọ́ kejì, orúkọ ọmọ nìkan ní ọjọ́ kẹta. Mo gbé ìwé náà lọ bá dókítà. Mo ní, "Ọ̀gá, da sauƙi yìí ń gbé e lọ o." Mo sọ ti èéfín àti fèrèsé fún un.

Ó ju bírò sílẹ̀. Ó tún àyà ìyá gbọ́, níwájú, lẹ́yìn, ó sì gbé fọ́tò ẹ́síréè rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Èéfín ti ba ọ̀nà èémí rẹ̀ jẹ́. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, kò rọ́nà jáde. Ọkàn rẹ̀ ń fi ipá ti ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹ̀dọ̀fóró náà, ó ti rẹ̀ ẹ́, ìyẹn lẹsẹ̀ ṣe wú. Kò lè tán pátápátá, àmọ́ a lè tọ́jú rẹ̀. Kì í sì í ranni."

Kì í ranni! Díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọn.

A fún un ní ọ́síjìn, díẹ̀díẹ̀ ni, torí pé tó bá pọ̀ jù, irú àyà bẹ́ẹ̀ lè máa dẹwọ́ mímí. A fún un ní oògùn tó ń fa omi ara jáde, àti ìnhélà, oògùn inú agolo kékeré tí a ń fà sẹ́nu. Ní ọjọ́ kejì mo bá a tó ti ṣí bùbá, tó ń fín in sí àyà, tó sì ń fọwọ́ pa á bí ìpara.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Ṣebí àyà ló ń ṣe mí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ní kí n lọ rẹ́rìn-ín Yorùbá mi tó ń tiro. Òótọ́ ni, Sabon Gari ni wọ́n bí mi sí, Hausa mi ló já gaara. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fà á, mo sì kọ́ ọ kí ó máa ṣu ẹnu jọ bí ẹni ń fẹ́ kókó gbígbóná, kí èémí lè rọra jáde. Kò pẹ́, ó ń ki gbólóhùn mẹ́ta kó tó sinmi.

Mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sí Sauka Kahuta. Ìyàwó Gbóyèga ló ṣílẹ̀kùn, ó pọn ọmọ.

Mo ní, "Èmi ni nọ́ọ̀sì tó sọ ohun tí kò mọ̀. Kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Èéfín ló ba ẹ̀dọ̀fóró màmá jẹ́, kì í sì í ranni."

"Ṣé ẹ lè gbé ọmọ tiyín fún wọn?"

"Mi ò tíì bímọ. Àmọ́ inú àwo kan náà lèmi àti wọn ti jẹun lánàá."

Ó bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n mi ni ikọ́ ẹ̀gbẹ pa," ó ní. "Ẹ̀rù ló bà mí."

Lọ́jọ́ kejì ó wá sí wọ́ọ̀dù, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọmọ lé ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìyá ṣu ẹnu jọ, ó fẹ́ kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó kì, ó sinmi, ó kì, ó sinmi, títí oríkì náà fi parí. Dókítà yọjú. "Mama, yaya jiki?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Da sauran ciwo, likita." Àìsàn ṣì kù. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ òótọ́ fún un nìyẹn, dókítà sì kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Gbóyèga kọ́ àtíbàbà fún ìdáná, kò sógiri, kò sí fèrèsé tí wọ́n máa tì. Ìyá lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i, ó mú Àbẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé, ó bá a jà lórí Hausa tó fi ń dá a lóhùn, kó tó lọ sinmi. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo ń sọ fún àwọn ọmọdé nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n bi aláìsàn ní iṣẹ́ tó ń ṣe, kí wọ́n sì ní kí ó ki ọmọ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Àbẹ̀kẹ́ gbé ọmọ tirẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ki eléyìí bí Màmá ṣe máa ń kì mí. Mi ò mọ̀ ọ́n tán." Mo gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, mo kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ń wò mí tìyanu-tìyanu.

"Mọ́mì, ṣé àyà yín ò dá ni? Ẹ̀ ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀."

Ẹ̀dọ̀fóró mi dá ṣáṣá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ lẹ́nu Ìyá Gbóyèga.