Ọkọ́ Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Èmi ni mo dá bàbá mi jókòó sílé. Kò sí ẹni tó bá mi lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìlá, tí mo ra kẹ̀kẹ́ ológeere, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí pé bàbá mi ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko lọ́nà Ọ̀rà láràárọ̀. Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn, mo fi pamọ́ sórí àjà.

“Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ máa jẹun.”

“Ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí?”

Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó. Kí òjò ọdún kejì tó dá, orúnkún wọn ti gan; èmi ni mò ń gbé wọn dìde kí wọ́n tó lè dé ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀rẹ́ wọn kan, ẹgbẹ́ wọn gan-an, ń ti oko bọ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú igi ìdáná léjìká, ó yà kí wọn. Ó wò mí. “Ìwọ télọ̀, aṣọ tí a ká sínú àpótí tí a kò wọ̀, ṣé kòkòrò kì í jẹ ẹ́ ni?”

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi á gbá èjìká mi mú láràárọ̀, a ó jọ máa rìn. A kò tíì kọjá ìdí igi ọsàn iwájú ilé. Wọ́n á dúró níbẹ̀, wọ́n á máa wo ọ̀nà Ọ̀rà. Mo ní kí n fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn lọ sóko.

“Ẹsẹ̀ mi ni kí o dá padà.”

Mo ti gbé ọkọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn báyìí. Gbèsè ẹsẹ̀ ni mo ṣì jẹ wọ́n.