Omi Tó Gba Àdúrà Ogójì Ọkọ Mi Lọ́wọ́ Mi

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó jókòó sórí ẹní lọ́jọ́ àdúrà ogójì ọkọ mi, láti orí àáfà tó gba iwájú dé orí obìnrin tó ń bu omi. Mi ò ní kọ ọ̀kan sílẹ̀, torí wọ́n ṣì ń kí mi. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí wọ́n sọ nípa ọkọ mi. Mo sùn lọ. Inú ṣì ń bí mi.

Nígbà tó kú, mo wọlé opó bí ẹ̀sìn wa ṣe ní: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nínú ilé. Ọmọ mi àgbà ń gbé ní Àjàṣẹ́. Ó gbọ́ lórí fóònù pé mi ò rí oorun sùn dáadáa mọ́. Ta ló máa sùn dáadáa, nígbà tí ẹni tó ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó bá dákẹ́? Ó yẹ kó wá jókòó tì mí. Ọkùnrin kan tó gbé báàgì sẹ́yìn alùpùpù ló rán sí mi.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe dókítà. Ọjọ́ ọjà ni a máa ń rí i ní Ìfọ̀nyìn. Àwọn tó ń kó ẹrù kọjá ẹnubodè ló ń pè é pé kó fún àwọn ní sẹ́rọ́ọ̀mù, omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń so kọ́ tó ń kán wọ inú iṣan, kí ara wọn lè jí pépé fún iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Omi tiwọn náà ló gbé wá fún mi. Ó so ó mọ́ ìṣó tí ọkọ mi máa ń fi fìlà kọ́.

Mo bi í pé, "Ṣé èyí á mú mi sùn?"

"Fítámì ni, Ìyá. Ẹ máa sùn bí ọmọ ọwọ́."

Lẹ́yìn ìrun àsárì ni mo gbà á. Títí ilẹ̀ fi mọ́, àyà mi ń lù, ojú mi là kedere bí ẹni tó jẹ obì. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín. "Kò tíì tó ni, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan kún un." Èmi òmùgọ̀ náà na apá sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni, kí ogójì tó pé. Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú àdúrà ni mo gba èyí tó kẹ́yìn, pé kí n lè lókun láti gbàlejò.

Mi ò fojú kan oorun mọ́jú. Àdúrà bẹ̀rẹ̀, mo fara ti ògiri. Bísímílà àáfà ni mo gbọ́ kẹ́yìn. Nígbà tí mo lajú, wọ́n ń ṣa abọ́ sàárà jọ. Mo figbe ta.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní, "Ìwọ lo ń ké pé o ò rí oorun sùn, ìyàwó wa. Oorun dé, o tún ń jà." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àánú mi ló ṣe àwọn tí àwọn ò fi jí mi.

Ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ agbẹ̀bí wá kí mi lọ́jọ́ kejì. Ó bi mí irú omi tó jẹ́ àti ìgbà tí mo ń gbà á, mo sì sọ fún un.

"Tàntíì! Ohun tó ń jẹ́ kí oníṣòwò wà lójúfò lẹ fi ń wá oorun? Ẹ dá a dúró. Tí oorun ò bá sì tún wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò ní ilé ìwòsàn."

Ó ní kí n máa jí lásìkò kan náà lójoojúmọ́, kí n má sùn pẹ́ lọ́sàn-án, kí n sì wá iṣẹ́ ṣe nínú àgbàlá. Ibẹ̀ ni ogun wà. Mo jókòó láti yìn àgbàdo, ìyàwó ọmọ mi kejì tá a jọ ń gbélé gbà á lọ́wọ́ mi.

"Màmá, kí làwọn èèyàn máa sọ tí wọ́n bá rí opó nídìí iṣẹ́?"

"Ẹ̀sìn ní kí n má jáde. Kò ní kí n di òkú. Gbé e wá!"

Mo yìn àgbàdo títí àtàǹpàkò mi fi bó. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí oorun tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá, díẹ̀díẹ̀. Kò tíì pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin oníbáàgì tún dé. Mo ní kó fi omi rẹ̀ gún ara rẹ̀, kó wá sọ fún mi bóyá òun sùn. Ó ní ọmọ mi ló rán òun.

Mo pe ọmọ mi àgbà, torí òun náà wá jókòó sórí ẹní lọ́jọ́ àdúrà. Mo ní kó má rán ẹnikẹ́ni mọ́, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ ohun tí àáfà sọ nípa bàbá rẹ̀ fún mi. Ó dé lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Wọ́n ní ẹni tó ń parí ìjà ilẹ̀ ni. Wọ́n ní... bọ̀ọ́n, Màmá, mi ò rántí gbogbo ẹ̀. Mo jáde lọ dáhùn fóònù."

"Ìwọ tí ojú rẹ là!"

Ó yọ fóònù, ó fẹ́ fi pe àáfà. Mo gbà á, mo gbé e sẹ́yìn mi.

"Tẹnu rẹ ni mo fẹ́. Tún un bẹ̀rẹ̀."