Píìnì Lẹ́nu Àbúrò Mi

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni àbúrò mi. Obìnrin ni, aránṣọ sì ni. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bẹ́ǹṣì mi wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Àárọ̀ ni mo ń jókòó sí i, ebi ló ń gbé mi dìde.

Ìyá Onípíìnì ni àwọn oníbàárà ń pè é. Tó bá ń dán aṣọ wò lára èèyàn, ètè ló fi ń mú píìnì. Wọn á tò síbẹ̀ bí eyín kejì. Á yọ ọ̀kan, á fi mú etí aṣọ, á tún yọ òmíràn. Ní gbogbo ìgbà yẹn kò lè sọ̀rọ̀. Oníbàárà nìkan ló ń sọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹni tó bá dúró síwájú dígí, tí wọn ò dá a lóhùn, á máa sọ̀rọ̀ lọ ni. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ìsinsìnyí sì ti dà bí ẹ̀wà tí wọn ò ṣà. Yorùbá ni o, àmọ́ o ò ní jẹ ṣíbí méjì kí eyín rẹ má kan òkúta. Ákíṣúálì, mo fẹ́ kó gùn díẹ̀. Bésíkálì, mi ò fẹ́ kó fún mi. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́ yẹn. Kí ni bésíkálì wá ṣe níbẹ̀? Yọ ọ́ kúrò, aṣọ náà ò ní torí ẹ̀ fún un.

Olùkọ́ kan wà tí kì í sọ nǹkan kan láìkọ́kọ́ sọ pé tù bí ọ́nẹ́ẹ̀sì. Ó ní tù bí ọ́nẹ́ẹ̀sì, òùngbẹ ń gbẹ òun. Nígbà tó lọ, àbúrò mi bi mí pé ṣé gbogbo ìgbà tí kò bá sọ ọ́, irọ́ ló ń pa fún àwọn ni. Ọkùnrin tó ń ta táyà lódìkejì títì, átì dí ẹ́ńdì ọfù dì déè ni tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀, kò sì gbé ẹrù kankan. Ọmọbìnrin kan tún wá, ó ní ẹ̀rín pa òun kú lítírálì. Ó dúró síbẹ̀, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

Hùn-ún ni àbúrò mi fi ń dá gbogbo wọn lóhùn, láti imú. Èmi mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Hùn-ún kúkúrú, ó gbà. Hùn-ún gígùn, orí rẹ̀ ti ń gbóná. Tí oníbàárà bá ti jáde, á tu píìnì sínú agolo rẹ̀, á wá kọjú sí mi. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́ nǹkan tí etí mi ń gbọ́?" Màá ní mo gbọ́. Kí ló tún fẹ́ kí n ṣe? Èmi kọ́ ni mo kọ́ wọn ní òyìnbó.

Èyí tó kórìíra jù nínú gbogbo ẹ̀ ni nó pròblẹ́mù. Púlọ́ńbà tó wá tún páìpù wa ṣe sọ ọ́ kó tó kẹ́rù lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, à ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi ní kíṣìnnì. Láti ìgbà yẹn, tó bá ti gbọ́ nó pròblẹ́mù báyìí, á dìde lọ wo ohun tó bàjẹ́. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì máa ń sọ ọ́ jù. Oníṣẹ́ iná ni ọmọ náà, ó ń gun òpó. Màmá ní ṣé ó ti jẹun? Nó pròblẹ́mù. Ṣé ìbà náà ti lọ? Nó pròblẹ́mù. Ojú àbúrò mi á pọ́n bí ata.

Ọmọ yìí wá mú ọmọbìnrin kan wálé pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọmọ dáadáa ni. Ó kí wa, ó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù ní ọ́fíìsì kan. Wọn kì í fẹ́ kí ẹnu òṣìṣẹ́ dákẹ́ lórí fóònù níbẹ̀. Bóyá ìyẹn ló fà á, mi ò mọ̀. Gbogbo òkúta tí mo kà sókè yìí, ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n pàdé sí. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ ọ́ ní Ìyàwó Ákíṣúálì. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí téèpù fi já bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

Ọmọ gbọ́ sí i. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. Kò pariwo. Ó ní, "Màmá, tí ẹ bá fi òyìnbó ẹnu ẹ̀ bú u, mi ò ní mú un wá mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ àbúrò mi lára. Nítorí yàrá ni.

Yàrá ẹ̀yìn ló ti ń gé aṣọ tẹ́lẹ̀. Bí ọmọ ṣe ní òun fẹ́ gbéyàwó báyìí, ó kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Tábìlì ìgéṣọ bọ́ sí kọ́rídọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń rìn lọ sílé ìwẹ̀ láti ìgbà náà. Ó kun ògiri fúnra rẹ̀. Ó fi àjákù aṣọ rán kọ́tìnnì sí fèrèsé. Ó ra bẹ́ẹ̀dì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ọ̀rá rẹ̀. Tilẹ̀ bá ti ṣú, á lọ tan iná ibẹ̀, á wò ó, á pa á. Kò sí oníbàárà tí kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ìyàwó òun ń bọ̀ wá bá òun gbé. Àwọn méjèèjì nìkan ni kò bi léèrè. Lójú tiẹ̀, kí ló fẹ́ bi wọ́n? Níbo ni wọ́n tún fẹ́ máa gbé?

Ọjọ́ tí ìyàwó fẹ́ wá dán aṣọ ìgbéyàwó funfun tí àbúrò mi ń rán fún un wò, àbúrò mi sọ fún mi ṣáájú pé òun ò ní yọ píìnì lẹ́nu títí ọmọ náà á fi lọ. Ó kó wọn sẹ́nu bí ẹni fẹ́ gbé wọn mì. Mo bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Etí mi ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀. Aṣọ náà dára, ákíṣúálì. Bésíkálì, ẹnikẹ́ni ò rán irú ẹ̀ fún òun rí. Hùn-ún. Ó ní ákíṣúálì, nǹkan kan wà tí òun fẹ́ sọ. Hùn-ún. Átì dí ẹ́ńdì ọfù dì déè, mọ̀lẹ́bí ni mọ̀lẹ́bí. Hùn-ún. Tù bí ọ́nẹ́ẹ̀sì, òun àti ọkọ òun, yúnò, wọ́n ti ń rò ó, láìkì, kì í ṣe nǹkan bàbàrà, láìkì, kì í ṣe pé àwọn ò fẹ́, yúnò. Ó ń yí bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òpó. Tó bá yí dé ibi ọ̀rọ̀ gan-an, á ní ákíṣúálì, á tún padà sẹ́yìn. Hùn-ún àbúrò mi ń gùn sí i. Èmi náà gbá orí mú níta. Ó ku díẹ̀ kí n wọlé lọ bá a sọ ọ́, bí mo bá mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Mo wá gbọ́ ìró píìnì nínú agolo. Kì í ṣe ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ ló tu.

"Ìyàwó mi," àbúrò mi ní, "jọ̀ọ́. Kó gbogbo ákíṣúálì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Yorùbá ni mo gbọ́, ìwọ náà gbọ́ ọ. Kí lo fẹ́ sọ?"

Nígbà tí ìyàwó dáhùn, ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Mọ́mì, a ò ní máa gbé lọ́dọ̀ yín. A ti gba ilé. Ó jìnnà. Ọmọ yín ò mọ bó ṣe máa sọ ọ́, ló bá ní kí n sọ ọ́."

Kò sí òkúta kankan nínú ìyẹn.

Àbúrò mi bi í pé báwo ló ṣe jìnnà tó. Ó ní mọ́tò òru ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Ọmọ náà ti ríṣẹ́ síbẹ̀, iṣẹ́ tó dára ju ti ibí lọ. Àbúrò mi tún bi í pé láti ìgbà wo ni wọ́n ti mọ̀.

"Ó ti pẹ́, mà. Ẹ ò tíì kun yàrá nígbà yẹn."

"Ẹ̀ ń wò mí, mo ń kun ògiri?"

"Ẹ̀rù yín ló ń bà wá, mà."

Ó ya èmi gan-an lẹ́nu. Àmọ́ tí mo bá rò ó, ẹni tó ń fi imú dá èèyàn lóhùn, tí abẹ́rẹ́ kún ẹnu rẹ̀, èmi náà lè bẹ̀rù rẹ̀ tí kì í bá ṣe pé àbúrò mi ni.

Àbúrò mi ní kí ìyàwó nà ró dáadáa, etí aṣọ ń wọ́lẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣa píìnì nínú agolo. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àbúrò mi ní kó nu ojú, kó má sun ún sórí aṣọ funfun, pé omijé á hàn lára ẹ̀. Ó parí etí aṣọ náà yípo. Ìyàwó bọ́ ọ, ó wọ tiẹ̀, ó ní ákíṣúálì ẹ ṣeun, mà. Àbúrò mi ò ṣe hùn-ún.

Ọmọ ti wà níta látìgbà yẹn. Ọkùnrin tó ń gun òpó iná, ó fara pamọ́ sẹ́yìn àkàbà ara rẹ̀ létí títì, ó rán ọmọbìnrin níṣẹ́ ẹnu. Nígbà tó rí ìyàwó tó jáde, ó yọjú síbi kọ́tìnnì. Kò gbé ẹsẹ̀ wọlé.

"Màmá, ṣé kò sí wàhálà?"

Àbúrò mi ń ká aṣọ. Kò wojú rẹ̀.

"Nó pròblẹ́mù," ó ní.

Mo yíjú. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí láyé. Ọmọ náà gbọ́ ọ. Ó mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń fi í bò. Ó gbé báàgì irinṣẹ́ sílẹ̀, ó wọlé, ó ní kí màmá bínú sí òun, kó bú òun, kó ṣáà sọ nǹkan míràn. Àbúrò mi ní kò sí nǹkan míràn. Ó ní kó sin ìyàwó rẹ̀ lọ sílé, ilẹ̀ ń ṣú. Tó bá di ọ̀la, kó wá bá òun gbé tábìlì padà sínú yàrá, ẹ̀gbọ́n òun ti fi ẹ̀gbẹ́ rìn tó.

Kò tan iná yàrá yẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó jókòó síbẹ̀ nínú òkùnkùn lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun, mo ń gbọ́ ọ̀rá tó ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ìrẹsì àná ló jẹ, àti ẹyin sísè kan.