Sìmẹ́ńtì Lórí Ìkarahun

Èmi ni mo ń mójú tó omi ìdọ̀tí ní ẹ̀sìtéètì kan l'Ájàh. Omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ilé ibẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. A ó sẹ́ ẹ, a ó tọ́jú rẹ̀, a ó wá tú u sí kanáàlì tó gba ẹ̀yìn ògiri kọjá. Lẹ́yìn ògiri yẹn ni bàbá àgbàlagbà kan wà, ọmọ onílẹ̀, tó ń sin ẹja epìyà nínú adágún tó gbẹ́ fúnra rẹ̀. Inú kanáàlì náà ló ti ń fa omi.

Lọ́dún tó kọjá, omi adágún bàbá di àwọ̀ ewé, ó ki bí ọbẹ̀ ilá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ẹja rẹ̀ léfòó. Bàbá kò pariwo. Ó gbé ẹyọ kan sínú abọ́, ó gbé e wá sí géètì wa, ó ní kí n wò ó. Ojú tì mí débi pé n kò lè gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tó pa wọ́n. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ó wà nínú ọṣẹ, ó wà nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀, ó wà nínú ajílẹ̀ tí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́bàá kanáàlì ń dà sóko wọn. Tó bá dénú omi tó dúró sójú kan, ewédò á máa jẹ ẹ́, á máa pọ̀ sí i, á sì fa atẹ́gùn inú omi tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹja ò ní rí nǹkan mí. Mo bá fi ẹnu ara mi ṣèlérí: "Bàbá, ẹ má tíì ra ọmọ ẹja míì o. Tí omi bá ti dára, èmi ni mo máa pè yín."

A gbẹ́ kòtò gígùn kan síbi tí omi ti ń jáde, a fi ìkarahun ìṣáwùrú tí a fọ́ wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń dí ilẹ̀ àbàtà. Omi ní láti rọra gba àárín wọn kọjá, kí èròjà yẹn lè lẹ̀ mọ́ wọn lára. Mo ní ìgò kékeré tí mo fi ń yẹ omi wò. Tí mo bá kán oògùn sí i tó dúdú bí aró, èròjà náà pọ̀ nìyẹn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, omi tó ń wọlé dúdú bí aró, èyí tó ń jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ má láwọ̀ rárá. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo ń dá rẹ́rìn-ín bí ayírí.

Ibi tí etí kòtò ti sán ni mo ní kí bíríkìlà kan bá mi tún ṣe, kó sì jẹ́ kó rẹwà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ibà dá ọmọ mi dùbúlẹ̀, mo bá gbalé lọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, bíríkìlà pè mí.

"Àǹtí, iṣẹ́ ti parí o! Mo ṣe fínníṣìn tó le fún yín. Omi yẹn ń ṣàn geere, ẹ lè rí ojú yín nínú ẹ̀."

Mo dúpẹ́. Ọkàn mi ò balẹ̀ nítorí ọmọ, mo ṣáà fẹ́ kí nǹkan kan yanjú lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lọ wò ó, mi ò kán oògùn kankan. Mo gbé fóònù, mo pe bàbá, mo ní omi ti dára, kó máa fà á sínú adágún. Ẹnu mi yìí náà ni.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mo padà síbi iṣẹ́. Mi ò rí ìkarahun kankan. Sìmẹ́ńtì ni mo rí, ó tẹ́jú, ó ń dán, omi ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Bíríkìlà tó wá gba owó iṣẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń retí ìyìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ìkarahun wà?"

"Ó wà lábẹ́, Àǹtí. Ó kàn wà jákujàku ni, bí ẹni pé ẹni tó ṣe é sá kúrò nídìí iṣẹ́. Mo bá yín rẹ́ ẹ. Ọ̀fẹ́ ni!"

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ta ni mo fẹ́ bínú sí? Mo ní kó jẹ́ kó rẹwà, mi ò sọ ohun tí kòtò náà wà fún. Lójú bíríkìlà, òkúta tí wọn ò rẹ́, ẹ̀gàn oníṣẹ́ ni. Mo kán oògùn sómi, ó dúdú kirikiri.

"Ẹ gbé hámà," mo ní. "Ẹ fọ́ gbogbo ẹ̀."

Mo pe bàbá, kò gbé e. Mo fi bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ yí ògiri po, mo ń sáré, mo ń dá sọ̀rọ̀. Bàbá wà létí adágún. Omi ti kún dẹ́nu, etí rẹ̀ ti ń di àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ló ti lọ kó ọmọ ẹja láàárọ̀ yẹn.

"Bàbá, ẹ má tíì dà wọ́n o! Omi ò dára. Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà." Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi ọ̀kan pa mọ́.

Ó ṣí ọmọrí kẹ́ẹ̀gì kan, ó ní kí n wo inú rẹ̀. Àwọn ẹja náà ti ń gbé ẹnu sókè, wọ́n ń wá afẹ́fẹ́.

"Wọn ò lè di ọ̀sán nínú kẹ́ẹ̀gì yìí," ó ní. "Tí mo bá dá wọn padà, ojú ọ̀nà ni wọ́n máa kú sí. Omi míì dà?"

Mo wo yíká. Omi kanáàlì yẹn nìkan ló wà.

Ó nawọ́ sí adágún. "Ṣé wọ́n á yè nínú omi yìí?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà, ó nà án sí mi. "Ọmọ mi, ìwọ lo pè mí. Ìwọ ni kó o dà á."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo da kẹ́ẹ̀gì náà sínú adágún. Kí n tó gbé èkejì, bàbá ti kọ ẹ̀yìn sí mi.