Ọjọ́ Tí Fòfó Làmídì Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Sakẹ́tẹ́, tí òmìnira ilẹ̀ Dahomey fúnra rẹ̀ ṣì dà bí ọmọ ọwọ́, agogo kẹ̀kẹ́ Fòfó Làmídì ló máa ń jí wa láràárọ̀. Fòfó ni à ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nílé wa, a yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn Ègùn. Kí n tó gbálẹ̀ tán, kí ìyá wa tó bu ẹ̀kọ gbígbóná síta, ó ti di aṣọ tí Bàbá ń tà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó ti forí lé ọjà Pobẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí ọ̀nà yẹn: eruku pupa tó ń wọni lójú, àti òórùn epo tí wọ́n ń sè lẹ́bàá ọ̀nà.

Èmi ni mo máa ń nu kẹ̀kẹ́ náà nírọ̀lẹ́. Bí Fòfó bá rí eruku lára rẹ̀, á ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé apá sókè. Orúnkún mi dúdú títí dòní, ẹ má bi mí léèrè ohun tó fà á.

Ọ̀gá eléré kẹ̀kẹ́ kan láti Àjàṣẹ́ ló rí i lọ́jọ́ kan, bó ṣe gbé ẹrù aṣọ sẹ́yìn tó sì ń ya àwọn tí kò gbé nǹkan kan sílẹ̀. Bó ṣe di ẹni tó ń sá eré kẹ̀kẹ́ fún orílẹ̀-èdè nìyẹn. Inú Bàbá kò dùn sí i rárá. "Kẹ̀kẹ́ tí kò gbé ẹrù, kí ló ń sáré lọ bá?" Ohun kan ṣoṣo tí Fòfó ń fẹ́, tó fẹ́ ju ife ẹ̀yẹ lọ, ni kí Bàbá wá wo òun lẹ́ẹ̀kan péré.

Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ, sí pápá yípo kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga bí ẹ̀gbẹ́ igbá. Kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ kò ní ìjánu, ẹsẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró níwọ̀n ìgbà tí táyà bá ń yí. Fòfó gbàgbé, ó dá ẹsẹ̀ dúró bí ẹni tó ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Pobẹ̀, ni kẹ̀kẹ́ bá gbé e jù nù. Ó dé ilé pẹ̀lú ara bíbó láti èjìká dé ìdí. Ìyá wa ń fi òrí pa á lára, ó ń sọ pé, "Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn." Bàbá kàn bèèrè ìgbà tí yóò lè gbé aṣọ lọ sọ́jà ni. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Dakar, ó ṣe ipò kejì, a sì se ìrẹsì, a pa adìẹ. Bàbá jẹ ẹran tirẹ̀ tán pátápátá, kò bèèrè ohun tí a torí rẹ̀ pa adìẹ.

Nígbà tí ìrìn àjò Faransé tún kàn, wọ́n ní kí àwọn eléré kẹ̀kẹ́ sáré láti Pobẹ̀ wá sí Sakẹ́tẹ́, torí a kò ní pápá yípo. Ẹni tó bá ṣíwájú ni yóò lọ. Fòfó ló ṣíwájú. Ó kù díẹ̀ kó parí nígbà tó rí Bàbá lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń ti ibi ìsọmọlórúkọ bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ta ló tó bẹ́ẹ̀, kó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ kó sì kọjá bàbá rẹ̀? Fòfó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Kí Bàbá tó ní kó dìde, ẹni méjì ti kọjá. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan ní ọmọ gidi ni. Ó sọkún nínú yàrá ìyá wa lọ́jọ́ náà. Inú bí mi sí Bàbá gan-an, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé òun náà kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún sá eré náà. Bàbá wọ agbádá rẹ̀, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ẹ̀yìn ògiri àtijọ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà ló mú mi lọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká bọ́ síwájú, a ò ní rí i dáadáa níbí."

"Dúró síbẹ̀. Bó bá rí mi, yóò sọ̀ kalẹ̀."

Bàbá, ẹni tí gbogbo Sakẹ́tẹ́ ń dọ̀bálẹ̀ fún, lóṣòó nínú koríko, ó fi ojú sí ihò ara ògiri. Nígbà tí Fòfó yọ, òun nìkan níwájú, Bàbá di ọwọ́ mi mú débi pé ó dùn mí. Ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Má sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ mi, má sọ̀ kalẹ̀."

Fòfó gba ipò kìíní, ó lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó ṣe ipò kẹrin. Kò gba ife, ṣùgbọ́n kò ṣubú. Bàbá ní n kò gbọdọ̀ sọ fún un. Ọjọ́ tí a sin Bàbá ni mo tó sọ ọ́, Fòfó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Lóde òní, ọkọ̀ tó ń kó símẹ́ńtì láti Onígbòló àti alùpùpù ló gba ọ̀nà náà. Àwọn ọmọ ń fò kọjá, wọ́n á na ọwọ́ kan sókè, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ráhùn pé ọmọ ìwòyí kò mọ àgbà í kí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti di àgbà yìí ńkọ́? Ta ló wà nínú wa tó lè lóṣòó sẹ́yìn ògiri, kí ọmọ rẹ̀ lè ráyè kọjá?